Òṣùwọ̀n Ọkàn: Ǹjẹ́ Ìdánwò Òye Ìmọ̀lára Ń Wọn Ohun Tí Ó Ní Òun Ń Wọ̀n?

 

1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni ó dìde láti sọ̀rọ̀ lórí ìdánwò tí àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ń ṣe. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò náà. Ìtàn kéékèèké, àwòrán ojú ènìyàn, àti orúkọ tí ènìyàn ń pe ohun tí ó ń ṣe é nínú ni ó kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ń wádìí bóyá ọ̀rọ̀ gbé ìtumọ̀ tí a ní kí ó gbé, iṣẹ́ tiwa ni ó ń ṣe, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ohun tí a ń pè ní òye ìmọ̀lára níhìn-ín ni agbára tí ènìyàn ní láti dá ìmọ̀lára mọ̀ nínú ara rẹ̀ àti lára ẹlòmíràn, láti mọ ohun tí ó fà á àti ibi tí ó ń lọ, àti láti darí rẹ̀ kí ó má baà darí òun. N kò pè é ní ọgbọ́n inú, nítorí pé ọgbọ́n inú ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ lẹ́nu Yorùbá: ó jẹ́ ọgbọ́n tí ènìyàn dá fúnra rẹ̀ láti fi yọ ara rẹ̀ nínú ìṣòro, a sì lè ní in láìbìkítà nípa ohun tí ó wà lọ́kàn ẹlòmíràn rárá.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Láti ìparí ọ̀rúndún ogún ni àwọn ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn ti ń lo irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba ènìyàn síṣẹ́ tàbí tí wọ́n bá fẹ́ yan ọ̀gá. Bí wọ́n bá sọ fún ọ̀dọ́ kan pé kò mọ ìṣirò tó, ó lè padà lọ kọ́ ìṣirò sí i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún un pé kò mọ bí nǹkan ti ń rí lára ọmọ ẹnìkejì, ìwà rẹ̀ ni wọ́n bẹnu àtẹ́ lù, wọ́n sì ti fi máàkì ti ẹjọ́ náà lẹ́yìn. Ẹjọ́ tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó ní ẹ̀rí tí ó wúwo tó o.

Èrò tí mo fẹ́ fi hàn ni pé lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí, ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ìdánwò náà ń wọ̀n. Apá kan ń wọn àwòrán tí ènìyàn yà nípa ara rẹ̀. Apá kejì ń wọn bí ènìyàn ti mọ ohun tí àwùjọ rẹ̀ fi ẹnu kò sí nípa ìmọ̀lára. Méjèèjì wúlò fún nǹkan. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó wọn ohun tí ènìyàn yóò ṣe ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá gbóná, bẹ́ẹ̀ ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ rò pé àwọn ń rà nìyẹn.

2. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀

Ní 1905 ni Alfred Binet àti Théodore Simon gbé ìdánwò làákàyè jáde ní Paris, kí wọ́n lè mọ àwọn ọmọ tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ nílé ìwé. Kò pẹ́ tí irú ìdánwò náà gba Amẹ́ríkà kan. Ní 1920, Edward Thorndike, olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia ní New York, tẹnu mọ́ ọn pé làákàyè kì í ṣe ẹyọ kan. Ó ní èyí kan wà tí a fi ń lóye ènìyàn, tí a sì fi ń bá wọn lò pẹ̀lú ọgbọ́n. Láàárín ọdún mẹ́wàá yẹn náà ni àwọn kan gbìyànjú láti wọn irú làákàyè yìí, wọ́n sì fi orúkọ Yunifásítì George Washington pe ìdánwò wọn.

Ní 1937, Robert Thorndike, ọmọ Edward, àti Saul Stein yẹ gbogbo aáyan wọ̀nyí wò. Ohun tí wọ́n rí kò dùn mọ́ni. Ìmọ̀ ọ̀rọ̀ èdè ni ó gba ipò iwájú nínú ìdánwò náà, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìdánwò làákàyè tí gbogbo ayé ti mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé àrùn tí ó ṣe ìdánwò yẹn kò tíì fi àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá.

Ní 1990 ni Peter Salovey àti John Mayer kọ àpilẹ̀kọ tí ó sọ òye ìmọ̀lára di àkòrí ìwádìí gidi. Ìlànà tiwọn mọ níwọ̀n: agbára ọpọlọ kan ni, tí ń ṣiṣẹ́ lórí ìmọ̀lára gẹ́gẹ́ bí agbára mìíràn ti ń ṣiṣẹ́ lórí òǹkà tàbí lórí ọ̀rọ̀. Ní 1995, Daniel Goleman, akọ̀ròyìn tí ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìhùwàsí, gbé ìwé kan jáde lórí rẹ̀ tí ó tà káàkiri ayé. Ẹ̀yìn ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé òye yìí lè ṣe pàtàkì ju làákàyè ìwé lọ. Goleman fi ìtara, ìforítì àti ìgbara-ẹni-níjàánu kún un, apẹ̀rẹ̀ náà sì kún dé ẹnu.

Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Ní 1997 ni Reuven Bar-On gbé ìdánwò EQ-i jáde, èyí tí ènìyàn fi ń jẹ́rìí nípa ara rẹ̀. Ní 2002 ni Mayer, Salovey àti David Caruso gbé ìdánwò MSCEIT jáde, èyí tí wọ́n ní ó ń wo ohun tí ènìyàn lè ṣe, tí kì í ṣe ohun tí ó sọ pé òun lè ṣe.

3. Kí ni ó túmọ̀ sí pé òṣùwọ̀n wọn nǹkan?

Ẹ jẹ́ kí a ya sí ọjà díẹ̀. Bí oníṣòwò bá gbá ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú, iye gàrí kan náà ni kóńgò náà yóò máa gbé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lónìí àti lọ́la. Kò yẹsẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n oníbàárà tí ó rà á lé kóńgò kan kò gba kóńgò kan délé. Ohun méjì nìyẹn tí a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀: àìyẹsẹ̀ òṣùwọ̀n, àti òótọ́ òṣùwọ̀n. Ìdánwò lè fún ènìyàn ní máàkì kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí ó má sì wọn ohun tí a kọ sí ara rẹ̀.

Ti gàrí rọrùn, nítorí pé a lè rí gàrí, a sì lè wá kóńgò mìíràn tí ìdí rẹ̀ pé láti fi yẹ ti àkọ́kọ́ wò. Ta ni ó ti fi ojú rí òye ìmọ̀lára? Lee Cronbach àti Paul Meehl ni wọ́n fi ọ̀nà hàn lórí irú ìṣòro yìí ní 1955. Wọ́n ní bí ohun tí a fẹ́ wọ̀n kò bá ṣeé fojú rí, kí a kọ́kọ́ sọ irú ohun tí ó yẹ kí ó bá tan àti irú ohun tí kò yẹ kí ó bá tan, kí a sì wá wádìí bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ní 1959, Donald Campbell àti Donald Fiske fi òfin méjì kún un. Èkíní, ìdánwò méjì tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan, kódà bí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń bèèrè ọ̀rọ̀ bá yàtọ̀. Èkejì, ìdánwò tí ó ní orúkọ tuntun kò gbọdọ̀ jọ ti àtijọ́ débi tí a kò fi ní dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Òfin méjì yìí ni a ó fi gbọ́ ẹjọ́ tí ó wà níwájú wa.

4. Ẹni tí ó ń jẹ́rìí nípa ara rẹ̀

Gbólóhùn 133 ni ó wà nínú ìdánwò EQ-i ti 1997. Ẹni tí ó ń ṣe é yóò sọ, lórí ìpele márùn-ún, bí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti bá a mu sí. Àpẹẹrẹ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, tí èmi fúnra mi ṣe, ni: “Mo máa ń tètè mọ̀ bí inú bá ń bí ẹni tí mo ń bá sọ̀rọ̀.”

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìtàn àròsọ tí ẹ̀dá-ìtàn ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ yóò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́. Bí asọ̀tàn bá sọ pé onísùúrù ni òun, lámèyítọ́ kì í kọ ọ́ sílẹ̀ pé onísùúrù ni. Ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni pé ó pe ara rẹ̀ ní onísùúrù, yóò sì máa ṣọ́ ìṣe rẹ̀ láti ojú ewé dé ojú ewé. Nínú ìdánwò yìí, kò sí ìṣe kankan láti ṣọ́. Ẹ̀rí ẹnu ni ó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rí ẹnu náà ni ó parí.

Ìṣòro mẹ́ta ni èyí bí. Èkíní ni pé ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ mọ ohun tí agbanisíṣẹ́ fẹ́ gbọ́. Ní 2008, Arla Day àti Sarah Carroll ní kí àwọn kan ṣe bí ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìdánwò. Máàkì wọn nínú EQ-i gòkè. Nínú MSCEIT, wọn kò rí i gbé gòkè. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ni a gbé EQ-i kalẹ̀ sí, ẹni tí ó mọ irọ́ pa ni yóò kọ́kọ́ wọlé.

Ìṣòro kejì jinlẹ̀ ju ti irọ́ lọ, nítorí pé olóòótọ́ pàápàá kò bọ́ nínú rẹ̀. Agbára tí ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun kò lóye ìmọ̀lára ni òye ìmọ̀lára gan-an. Ẹni tí kò bá ní in, kí ni yóò fi mọ̀ pé òun kò ní in? Ní 2014, Oliver Sheldon, David Dunning àti Daniel Ames rí i pé àwọn tí máàkì wọn kéré jù nínú ìdánwò tí ń wo ohun tí ènìyàn lè ṣe ni wọ́n gbé ara wọn ga jù. Nígbà tí wọ́n sì fi èsì hàn wọ́n, àwọn náà ni kò fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kankan sí i, ìdánwò ni wọ́n ń bú.

Ìṣòro kẹta kan òfin kejì ti Campbell àti Fiske. Ohun tí irú ìdánwò yìí ń bèèrè ti wà nínú àpò àwọn onímọ̀ ìhùwàsí tipẹ́tipẹ́ lábẹ́ orúkọ mìíràn: ìtẹpámọ́ṣẹ́, ìfẹ́ láti wà láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìfọkànbalẹ̀, ìdánilójú nínú agbára ara ẹni. Ní 2015, Dana Joseph àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí bí máàkì àwọn ìdánwò ajẹ́rìí-ara-ẹni ti bá iṣẹ́ ṣíṣe dáadáa tan. Ìbátan wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yọ ipa àwọn ànímọ́ àtijọ́ wọ̀nyẹn àti ti làákàyè kúrò, ohun tí ó ṣẹ́kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfo. Igbá tuntun ni, ọkà inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun.

5. Ta ni ó mọ ìdáhùn?

Kí a tó bú àwọn onímọ̀, ó yẹ kí a rántí pé Mayer àti Salovey ti rí ìṣòro wọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ìdánwò tiwọn lọ́nà mìíràn. Ìbéèrè 141 ni ó wà nínú MSCEIT ti 2002, ó sì pín sí ẹ̀ka mẹ́rin: dídá ìmọ̀lára mọ̀ lójú ènìyàn àti nínú àwòrán, lílo ìmọ̀lára láti ran ìrònú lọ́wọ́, lílóye bí ìmọ̀lára kan ti ń di òmíràn, àti dídarí rẹ̀. Níhìn-ín, kì í ṣe pé kí o sọ irú ẹni tí o jẹ́. Iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún ọ kí o ṣe.

Àmọ́ ìbéèrè tí ó kàn ni pé, báwo ni a ṣe mọ ìdáhùn tí ó tọ́? Nínú ìṣirò, méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìndínlọ́gọ́ta bí gbogbo ayé bá tilẹ̀ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ìmọ̀lára. Ọ̀nà méjì ni àwọn onídànwò náà wá gbà. Ọ̀nà kan ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn: wọ́n gbé ìbéèrè náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sì gba máàkì gẹ́gẹ́ bí iye ènìyàn tí ó mú un. Ká ní 60 nínú 100 mú ìdáhùn kan tí 5 sì mú òmíràn, ti àkọ́kọ́ yóò gba 0.60, ti èkejì yóò gba 0.05. Ọ̀nà kejì ni ti àwọn ọ̀mọ̀ràn: 21 nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí ìmọ̀lára ni wọ́n fi ṣe adájọ́.

Ọ̀nà méjèèjì kò kọ́kọ́ bá ara wọn mu. Ní 2001, Richard Roberts, Moshe Zeidner àti Gerald Matthews yẹ ìdánwò tí ó ṣáájú MSCEIT wò, wọ́n sì rí i pé ní àwọn apá kan nínú rẹ̀, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò fún ní máàkì gíga lè gba máàkì kékeré lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀ràn. Ní 2003, àwọn tí ó ni MSCEIT fi hàn pé nínú ìdánwò tuntun, ohùn àwọn ọ̀mọ̀ràn àti ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà.

Ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n pe èyí. Lójú tèmi, ó tún gbé ìbéèrè mìíràn dìde. Bí ohun tí ọ̀mọ̀ràn sọ bá jẹ́ ohun tí ará ọjà sọ, a jẹ́ pé ohun tí ìdánwò ń wọ̀n ni bí ènìyàn ti súnmọ́ èrò gbogbogbòò. N kò fojú kéré èyí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Èdè fúnra rẹ̀, àdéhùn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbé e ró. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ìwọ̀sí yóò máa wọ ènìyàn sí láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n òye tí ó ga jù nínú nǹkan wọ̀nyí ni òye ẹni tí ó rí ohun tí ọ̀pọ̀ kò rí. Láàárín ogún ènìyàn tí ó rí ọmọge kan tí ń rẹ́rìn-ín, ìyá àgbà kan ṣoṣo lè wà tí yóò mọ̀ pé ẹkún ni ọmọ náà ń gbé mì. Nínú ìdánwò tí a fi iye ènìyàn ṣe ìwọ̀n rẹ̀, ìyá àgbà yìí ni yóò gba máàkì kékeré. Ìwádìí bá ìfura yìí mu. Ní 2014, Marina Fiori àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn ìbéèrè MSCEIT wò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì rí i pé ó ń ya àwọn tí òye wọn kéré sọ́tọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín àwọn tí òye wọn ga. Ó lè sọ ẹni tí kò mọ̀ fún wa; kò lè sọ ẹni tí ó mọ̀ jù.

6. Ojú, ọ̀rọ̀ àti ìlú

Bí ó bá jẹ́ àdéhùn ni ìdánwò náà ń wọ̀n, a gbọ́dọ̀ bèèrè pé àdéhùn àwọn wo. Ẹ wo ti ojú ènìyàn. Ọ̀pọ̀ ìwé ni ó ti sọ pé ojú tí ó là sílẹ̀ gbàgà pẹ̀lú ẹnu tí ó ṣí, ẹ̀rù ni ó ń bà á níbi gbogbo láyé. Ní 2016, Carlos Crivelli àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ sí erékùṣù Trobriand ní Papua New Guinea. Lójú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n bi níbẹ̀, ẹni tí inú ń bí, tí ó sì ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn, ni ó wà nínú àwòrán náà. Bí a bá fi àdéhùn Amẹ́ríkà gba máàkì fún wọn, aláìmọ̀kan ni wọ́n. Bí a bá fi àdéhùn tiwọn gba máàkì fún ará Amẹ́ríkà, òun náà fìdí rẹmi.

Àwa tí a ń sọ Yorùbá kò ṣàjèjì sí ìṣòro yìí. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín ni. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ìtìjú. Olè tí ọwọ́ tẹ̀, ojú tì í. Ìyàwó tuntun tí wọ́n ní kí ó jẹun láàárín àwọn àna rẹ̀, ojú ń tì í. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ ya láàárín ọjà, ojú tì í. Orúkọ mẹ́ta ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ní fún ohun mẹ́ta yìí, ìdánwò tí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe sì lè ka ẹni tí kò yà wọ́n sọ́tọ̀ sí aláìlóye. Bẹ́ẹ̀, àwa náà ya ìbínú sọ́tọ̀ sí ìkanra, sí ìrunú àti sí ìkùnsínú. Ta ni yóò fi ìyẹn dán ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò?

Kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìbéèrè kan tí kò sí nínú ìdánwò ẹnikẹ́ni: Ìyá Àjàní kú ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Lónìí, Àjàní ń jó níwájú onílù. Báwo ni inú Àjàní ti rí? (a) Inú rẹ̀ bàjẹ́. (b) Inú rẹ̀ dùn. (d) Ó ń fi ìbànújẹ́ pamọ́. (e) Kò bìkítà. Ará ilé wa kì yóò mú ọ̀kankan kí ó tó bèèrè ọjọ́ orí ìyá náà. Bí ó bá gbó kí ó tó kú, tí ó sì fi ọmọ sáyé lọ, ọmọ olókùú a máa jó. Bí ó bá kú ní rèwerèwe, ọ̀fọ̀ ni, ijó náà sì di ohun ìfura. Ẹni tí ó bá sì gbọ́n jù yóò fi kún un pé inú Àjàní lè dùn, kí ó sì bàjẹ́, nínú ijó kan náà. Ìbéèrè rẹ̀ gan-an ni òye rẹ̀. Ìdánwò tí ó ní kí a fi àmì sí ẹyọ kan kò fún ìbéèrè láyè.

7. Orúkọ kan, ohun méjì

Òfin àkọ́kọ́ ti Campbell àti Fiske ni ó kù. Ǹjẹ́ ìdánwò méjèèjì fohùn ṣọ̀kan? Ní 2003, Marc Brackett àti John Mayer, tí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí ó ṣe MSCEIT, gbé ìdánwò méjèèjì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ní òǹkà tí wọ́n fi ń wọn ìbátan: bí nǹkan méjì bá jọ ń gòkè tí wọ́n sì jọ ń sọ̀ láìyẹ̀, ó jẹ́ 1, bí wọn kò bá bá ara wọn tan rárá, ó jẹ́ 0. Láàárín EQ-i àti MSCEIT, ohun tí wọ́n rí ni 0.21. Bí a bá sọ òǹkà yìí di púpọ̀ ní ìlọ́po ara rẹ̀, a ó rí i pé nínú ohun tí ó mú kí máàkì ẹnìkan yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, nǹkan bí ìdá 4 péré nínú 100 ni ìdánwò méjèèjì jọ ní.

Ìtumọ̀ èyí fún ọmọ ènìyàn kò ṣòro. Ọ̀dọ́bìnrin kan náà lè ṣe ìdánwò kan láàárọ̀ kí wọ́n ní òye rẹ̀ pọ̀, kí ó ṣe èkejì nírọ̀lẹ́ kí wọ́n ní ó kù díẹ̀ káàtó. Iṣẹ́ tí yóò rí tàbí tí kò ní rí wá di ọ̀rọ̀ irú ìdánwò tí ilé-iṣẹ́ náà rà.

N kò sọ pé òfìfo ni gbogbo rẹ̀. Ní 2020, Carolyn MacCann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pa ìwádìí tí ó kan akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní 42,000 pọ̀. Ìbátan tí ó wà láàárín òye ìmọ̀lára àti ṣíṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ jẹ́ nǹkan bí 0.20 ní àpapọ̀. Ti àwọn ìdánwò tí ń wo ohun tí ènìyàn lè ṣe jẹ́ 0.24, ti àwọn tí ènìyàn fi ń díwọ̀n ara rẹ̀ jẹ́ 0.12. Ohun kan wà níbẹ̀, ó kéré, ó sì ń tóbi sí i bí ìdánwò bá ti kúrò ní ẹ̀rí ẹnu. Ó tó fún olùwádìí tí ń wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Kò tó láti fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnìkan.

8. Mímọ̀ àti híhù níwà

Ká tilẹ̀ ní ìdánwò pé pérépéré, tí kò sí irọ́, tí kò sí àṣìtumọ̀, ohun tí yóò wọ̀n nígbà náà ni ìmọ̀. Inú yàrá tí ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni ènìyàn ti ń mú ìdáhùn tí ó dára jù fún ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bú láàárín àwùjọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá bá bú òun náà, tí àyà rẹ̀ ń lù kìkì, ṣé ìdáhùn yẹn ni yóò bọ́ sí i lẹ́nu? Àwọn ẹ̀dá-ìtàn tí a kì í gbàgbé nínú lítíréṣọ̀ ayé, ọ̀pọ̀ wọn ni ó mọ ohun tí ó yẹ, tí kò sì lè ṣe é. Bí mímọ̀ bá tó láti ṣe, eré oníṣe kò ní sí láyé.

Ìyókù wà níbẹ̀. Gbájúẹ̀ mọ ìmọ̀lára ènìyàn púpọ̀púpọ̀. Ó mọ ìgbà tí ojúkòkòrò dé sí ọ lójú, ó mọ ìgbà tí ẹ̀rù ń bà ọ́, ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Bí a bá gbé ìdánwò fún un, kò sí ìdí tí kò fi ní yege. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ sí ọmọlúàbí ni ohun tí ó ń fi òye náà ṣe, èyí kò sì sí nínú ìbéèrè 141. Salovey àti Mayer kò ṣèlérí ìwà rere ní 1990. Àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọjà ni wọ́n so ìwà mọ́ òye, tí wọ́n sì ta méjèèjì ní iye kan.

9. Àgbálọgbábọ̀

Ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi ṣe àkọlé ni pé àwọn ìdánwò yìí ń wọn nǹkan, ṣùgbọ́n orúkọ tí a kọ sí ara wọn tóbi ju ohun tí ó wà nínú wọn lọ. Kí a máa pe ti àkọ́kọ́ ní ohun tí ó jẹ́, èrò ènìyàn nípa ara rẹ̀. Kí a máa pe èkejì ní ìmọ̀ àdéhùn àwùjọ kan nípa ìmọ̀lára.

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń gba ènìyàn síṣẹ́ àti ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ má fi ìdánwò ajẹ́rìí-ara-ẹni ṣe asẹ́ tí ẹ ó fi jọ ènìyàn. Ẹni tí ó mọ ara rẹ̀ tán, tí ó sì jẹ́wọ́ àbùkù rẹ̀, ni asẹ́ náà yóò kọ́kọ́ dà nù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìdánwò tí ó ní ìdáhùn tí ó tọ́ wá bá yín, ẹ bi í pé àwọn wo ni ó pinnu ìdáhùn náà, ní èdè wo, àti láàárín àwùjọ wo. Bí a bá sì fẹ́ túmọ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, kí a má rò pé ọ̀rọ̀ nìkan ni a ó túmọ̀. Ìdáhùn náà ni a ní láti tún wá láàárín àwọn tí ń sọ èdè náà.

Ní ti ọ̀dọ́ tí wọ́n ti fún ní máàkì kékeré, tí wọ́n sì sọ fún pé kò lóye ènìyàn, kí ó mọ̀ pé yàrá kan, ọjọ́ kan àti ìwé kan ni ó sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn Yorùbá kò fi wákàtí kan mọ ìwà ènìyàn rí. Wọ́n bá a gbé, wọ́n bá a ṣòwò, wọ́n sì rí i nígbà tí nǹkan le. Ó pẹ́ kí òṣùwọ̀n yẹn tó kún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó gbá ìdí rẹ̀ wọnú.